Pàǹtí inú omi

"Ṣebí pàǹtí inú omi náà ni." Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ sí marimo mi yìí, ewéko omi roboto tí mo ń tọ́jú sínú ìgò, ò kúrò létí mi láti àárọ̀. Òjò rọ̀, mo pààrọ̀ omi marimo, ilẹ̀ ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Pàǹtí kẹ̀! "Mari" ni bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Jàpáànù fi ń ṣeré, "mo" sì ni ewéko inú omi. Takiya Kawakami, onímọ̀ ewéko ará Jàpáànù, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1898. Ó wò ó, bọ́ọ̀lù ló rí. Ẹ là á sí méjì, ẹ ò ní bá kóró kankan: fọ́nrán tútù wínníwínní ni, tó ń ya ẹ̀ka láti àárín bọ́ síta. Ìgbì adágún Akan ní Jàpáànù ló ń yí i kiri nísàlẹ̀ omi tó fi rí roboto bẹ́ẹ̀.

Irun ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, rí ní tiẹ̀, ní 1753. Orúkọ Aegagropila tó kọ sílẹ̀ fún un, irun tó dì ṣùù nínú ikùn ewúrẹ́ igbó ni. Ewúrẹ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án mọ̀ pé kò purọ́. Kì í yọ̀ bọ̀rọ́ bí ewéko tó ń bo òkúta odò.

Àmọ́ pàǹtí… Àwọn apẹja adágún Mývatn ní Áísílándì ń pè é ní kúluskítur. "Kúla" ni bọ́ọ̀lù, "skítur" ni ìgbẹ́. Bóyá kò yẹ kí n bínú. Ẹni tó fa àwọ̀n wúwo, tó ń retí ẹja, tó wá bá koríko, kí ni kó pè é? Síbẹ̀, àwọn gan-an fi bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Nígbà tó fi di 2014, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún yẹn; omi ṣú, ìmọ́lẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí báyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni.

Nǹkan bíi mìlímítà 5 péré ló ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún. Èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 5, ọdún 10 ló fi dé ibẹ̀. Ẹ má gbé e sójú oòrùn, á ṣá. Ẹ má jẹ́ kí omi rẹ̀ gbóná kọjá 25°C. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi, ẹ rọra fún un kí omi ìdọ̀tí jáde, kí ẹ sì yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, torí kò sí ìgbì nínú ìgò. Ẹ̀gbẹ́ tó bá fi sùn pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, eérú ni àwọ̀ rẹ̀ máa dà.

Ó léfòó lọ́sàn-án òní. Kò ṣàìsàn o; afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde nínú ìmọ́lẹ̀ ló há sáàárín fọ́nrán rẹ̀.

Ó ti rì padà báyìí.