Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé lógójì, ẹ má torí eré sísá pa irin tì

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń sáré tàbí tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ni pé kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irin gbígbé kún un. Obìnrin ni mí, mo ti ń sún mọ́ 50, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo ń sáré mo sì ń gbé irin, mi ò rí èyí tí mo lè fi sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Eré sísá dáa fún ọkàn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀, àmọ́ òun nìkan ò lè dá iṣan dúró sí wa lára. Látìgbà téèyàn bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tó bá wá kọjá 60 á tún yára sí i. Àwa obìnrin tún ní ti eegun, tí nǹkan oṣù bá ti dúró, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ẹrù tó wúwo sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó le. Àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kó sì fi ti agbára iṣan kún un, ó kéré tán ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì péré o! Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ di ọkùnrin ni. Rárá o, họ́mọ́nù tó ń jẹ́ kí iṣan ọkùnrin tóbi bẹ́ẹ̀ yẹn, tiwa kéré gan-an sí tiwọn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bí a ṣe máa to méjèèjì pọ̀ ló gba ọgbọ́n. Jíìmù tí mò ń lọ ládùúgbò Under-G, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ló kún ibẹ̀, Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè mí, àwọn yẹn lè gbé irin lósòó lálẹ́ kí wọ́n tún sáré kílómítà mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ara tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ń pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Èyí tí mo rí pé ó bá mi lára mu ni kí iṣẹ́ líle wà lọ́jọ́ kan náà, kí ọjọ́ ìsinmi sì jẹ́ ìsinmi lóòótọ́. Tí mo bá sá eré tó le láàárọ̀ Wẹ́sidé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo máa gbé irin fún ẹsẹ̀, wákàtí bíi mẹ́fà á ti wà láàrin wọn, màá sì ti jẹun yó, Tọ́sidé á wá jẹ́ ti ìrìn lásán. Mọ́ńdè ni ti apá àti ẹ̀yìn. Sátidé ni kẹ̀kẹ́ lọ́nà Ìlọrin, mo máa ń tètè jáde kí tírélà tó kún títì, torí náà Fúráìdè, irin ẹsẹ̀ kankan ò sí, mi ò gbàgbàkugbà lórí ìyẹn.

Àwọn kan á ní eré ń jẹ agbára tí irin mú wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Hickson ní Amẹ́ríkà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá wò ó, agbára àwọn tó ń ṣe méjèèjì kọ́kọ́ ń lọ sókè bíi ti àwọn tó ń gbé irin nìkan, ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló wá ń wálẹ̀. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣe: irin ọjọ́ 5, eré ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀! Ta ló ráyè ìyẹn nínú wa? Ẹni tó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ìyẹn má dẹ́rù bà á.

Ẹ má gbé irin fúyẹ́fúyẹ́ nígbà ọgbọ̀n, eré ti ṣe ìyẹn fún wa. Èyí tó wúwo tẹ́ ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀márùn-ún sí mẹ́jọ ni, àmọ́ oṣù mélòó kan lẹ máa fi rọra dé ibẹ̀, torí iṣan tó so mọ́ eegun, bíi ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kì í tètè le bíi ti itan. Ẹ má sé èémí tẹ́ ẹ bá ń gbé e o, ó ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga, ẹni tí kò tíì yẹ tiẹ̀ wò kó kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti oúnjẹ ló ń dùn mí jù, kéèyàn sáré, kó gbé irin, kó wá jẹ àmàlà rẹpẹtẹ pẹ̀lú ẹran kékeré kan. Ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì nílò prótíìnì bíi gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi 84 sí 112 lójúmọ́ fún ẹni tó wọn kílò 70, ẹyin kan ò sì ju bíi gíráàmù mẹ́fà lọ. Ẹ fi wàrà, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà kún un, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Gbẹ̀gìrì náà ẹ̀wà ni, àmọ́ ṣíbí méjì ò tó.

Tí ọyẹ́ bá dé tí eruku bo ojú ọ̀nà, mo máa ń dín eré kù kí n fi irin kún un.

Ẹni tí owó jíìmù ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tó bá kún, ó tó kílò 25. Ẹ yasẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì di etí ẹ̀ mú, kí ẹ̀yìn gún, ẹ lósòó kẹ́ ẹ sì nàró lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é. Tó bá wúwo jù, ẹ da omi kúrò níbẹ̀ títí á fi ṣeé gbé, kẹ́ ẹ wá máa rọra bù ú padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.