Ẹ bá mi yọ̀, ẹsẹ̀ òsì yìí tún ti fò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó sọ ohun mìíràn, torí lánàá lórí pápá, lẹ́yìn tí mo gba ipò kìíní nínú ìfò gígùn, ẹkún ò jẹ́ kí n rí i sọ. Wọ́n gbé máíkì sí mi lẹ́nu, wọ́n ní báwo ló ṣe rí lára mi, "Olúwa, o ṣé, Olúwa, o ṣé" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu mi. Fídíò yẹn ti ń kiri báyìí. Mo ti rí àwọn tó ń sọ pé àwa eléré ìdárayá Nàìjíríà ti ṣe é jù, pé ẹsẹ̀ mi ló fò, Ọlọ́run kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà pẹ̀lú mi láti ọdún tó kọjá mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà ti ń bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó fara balẹ̀ kà á.

Gìgísẹ̀ òsì yìí, tí mo fi ń tẹ pákó tí a ti ń gbéra fò, ti ń dùn mí fún bí oṣù mẹ́ta kó tó já. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ògiri ni mo máa ń dì mú dé bálùwẹ̀. Ìdíje ń bọ̀, ẹnì kan tó yẹ kó mọ̀ jù mí lọ sì ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló máa pa ìrora náà. Wọ́n gún un fún mi ní gìgísẹ̀, ìrora sì lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni táífọ́ọ̀dù dá mi dùbúlẹ̀. Mo lọ sí kẹ́mísì nítòsí ilé wa ní Lugbe, wọ́n fún mi ní Cipro, oògùn apakòkòrò, mo lò ó tán, mo padà sórí pápá.

Ìparí oṣù kẹrin 2025 ni, ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti ń gbaradì ní pápá ìṣeré Moshood Abiola níbí l'Ábùjá. Mo sáré bọ̀, mo fi òsì tẹ pákó, mo gbọ́ "táù!" bí ìgbà tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta bá já. Mo rò pé ẹnì kan ló gbá mi ní gìgísẹ̀ láti ẹ̀yìn. Inú iyanrìn tí mo dojú bolẹ̀ sí náà ni mo ti ń yíjú wẹ̀yìn kí n lè rí ẹni náà. Kò sẹ́nì kankan. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ náà ò gbọ́ràn. Kò tíì dùn mí rárá nígbà yẹn, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù: mo ń sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó tẹlẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n gbé so mọ́ mi lára.

Bàbá tó ń tọ́jú iyanrìn ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ máa ń rí wọn lẹ́yìn mi nínú fídíò, bàbá onífìlà pupa tó ń fi réèkì tẹ́ iyanrìn. Hausa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé Sábó n'Íbàdàn rí, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n bí sí Àbújá lọ. Wọ́n gbé bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n ń da omi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn nu iyanrìn kúrò lẹ́nu mi àti lójú mi. "Yi hakuri, 'yata. Ní sùúrù, ọmọ mi. Má wo ẹsẹ̀. Ojú mi ni kó o máa wò."

Ní ọsibítù, dókítà ní kí n dojú bolẹ̀. Ó fọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọ̀tún, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mì bí orí alángbá. Ó fún ti òsì. Kò mì. Ó tún un fún. Màmá mi tó dúró tì mí pariwo "Jésù!" kí dókítà tó sọ ohunkóhun, torí àwọn náà ti rí i. Iṣan ńlá tó so ẹran ẹsẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ ti já pátápátá. Dókítà wá bi mí ní ìbéèrè méjì: ṣé wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, ṣé mo sì lo Cipro láìpẹ́ yìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì.

Ẹ má bínú, n ò lè kọjá ibí yìí láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin eléré ìdárayá, pàápàá ẹ̀yin ọmọdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín lábẹ́rẹ́ ní gìgísẹ̀ torí pé ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìrora á lọ, iṣan á sì lè máa di hẹ́gẹhẹ̀gẹ lábẹ́lẹ̀. Cipro àti àwọn oògùn tó bá a tan náà ńkọ́? Láti 2008 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sí i pé ó lè mú kí iṣan já, síbẹ̀ à ń rà á ní kẹ́mísì bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Tí dókítà bá fẹ́ fún un yín, ẹ sọ fún un pé eléré ìdárayá ni yín. Ọlọ́run tí à ń gbàdúrà sí kò ní ká má bèèrè ohun tí a fẹ́ gbé mì.

Iṣẹ́ abẹ, bàtà ńlá tó dé orúnkún, ọ̀pá ìtilẹ̀. Ìgbà yẹn lẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀gá kan tó máa ń pè mí ní ọmọ òun nígbà tí mò ń gba mẹ́dàl pè mí lórí fóònù láti kí mi. Wọ́n rò pé àwọn ti pa ìpè náà, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn pé, "Ìyẹn ti tán. Ẹ fi orúkọ ẹlòmíì sí i." Oṣù tó tẹ̀lé e, owó tí wọ́n ń fún wa ò wọlé mọ́. Ọ̀gá, mo rí yín lánàá nígbà tí ẹ wá bá wa ya fọ́tò. Mo ti dárí jì yín, Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní torí ṣòkòtò péńpé tí mo fi ń sáré ni Ọlọ́run ṣe ń bá mi wí. Ẹlòmíì tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì ní ọwọ́ kan láti ilé bàbá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló so ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, pé ká mú ₦250,000 wá kí àwọn tú u. Màmá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í gbowó kó tó gbọ́ tèèyàn." Bí wọ́n ṣe sìn ín jáde nìyẹn.

Nǹkan tí màmá mi ṣe rèé, tí n kò tíì sọ fún wọn rí pé mo mọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí, kí wọ́n tó dáná ògì, wọ́n á wá jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di gìgísẹ̀ náà mú. Ọwọ́ wọn á ti tutù torí ògì tí wọ́n ti ń sẹ́, òórùn kíkan rẹ̀ á gba inú yàrá. Wọn ò ní pariwo. Wọ́n á kàn máa pe Ọlọ́run lórúkọ, Ọba tó ń jẹ́ Èmi-Ni, Atẹ́rẹrẹ-káríayé, Aṣèyí-tó-wù-ú, títí ọwọ́ náà á fi gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo máa ń díbọ́n pé mò ń sùn.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn eléré ìdárayá Kano ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ láti ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀, ìdíje tó yẹ kí èmi náà lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n délé ni ọkọ̀ wọn já bọ́ láti orí afárá. Ó lé ní ogún ẹ̀mí tó lọ. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ṣé mo wá rí i báyìí pé Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ yẹn yọ mí nínú ewu ọ̀nà ni. N ò dá a lóhùn. Àwọn náà gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra. Ìyá tiwọn náà jí ní ìdájí. Bí mo ṣe ń dúpẹ́ yìí, n kò sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi jù wọ́n lọ, ẹ má sì bá mi sọ ọ́. Kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó tu àwọn ìyá wọn nínú.

Oṣù keje ni mo tó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹ rántí, tí Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, gbá àṣekágbá pẹ̀lú Morocco ní Rabat. Góòlù méjì sí òdo ni wọ́n fi ń nà wá nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Mo ti ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Màmá mi ní rárá, pé Rasheedat Ajibade, balógun wọn, tí kì í fi Jésù bò kò ní padà wálé pẹ̀lú ìtìjú. Nígbà tí góòlù kẹta tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rùn-ún, mo ti dìde láìrántí ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi kí jù ni Bàbá oníyanrìn. Nígbà tí mo padà sórí pápá lóṣù kọkànlá, kò sẹ́ni tó ráyè fún mi. Àwọn tó kù ń múra ìdíje, èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Bàbá ní kí n máa wá lẹ́yìn ìrun alásárì, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń tú iyanrìn náà fún mi títí dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n á wọ́n omi sí i, tí wọ́n á ṣa òkúta àti ìdérí ìgò kúrò nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ fún wọn. Nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ti là, wọ́n wà níbẹ̀.

Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa fífò, iyanrìn ni wọ́n mọ̀. Tí mo bá fò tán, wọn ò ní wò mí, ojú ihò tí gìgísẹ̀ mi dá sílẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi ìka sínú ihò ọ̀tún, ó wọlé dé oríkèé kejì. Wọ́n fi sínú ti òsì, kò dé oríkèé àkọ́kọ́. "Òsì yìí ṣì ń bẹ̀rù," ni wọ́n wí. Físíò mi, ẹni tó ń bá mi tọ́jú ẹsẹ̀ náà, tí mo ròyìn fún ní òótọ́ ni, pé mò ń fi ẹsẹ̀ náà pamọ́. Láti ìgbà yẹn, kí n tó kúrò ní pápá, Bàbá á fi ìka wọn ihò méjèèjì. Oṣù kejì ọdún yìí ni méjèèjì tó dọ́gba. Bàbá gbójú sókè, wọ́n ní, "Alhamdulillahi." Èmi ní, "Halelúyà." A jọ sunkún níbẹ̀.

Lánàá wá dé. Chioma Ajunwa tí mo ti ń wò bí àwòkọ́ṣe láti kékeré, ọlọ́pàá tó gba góòlù ní Atlanta lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ 1996, ìfò àkọ́kọ́ ló fi fo mítà 7.12. Ìfò àkọ́kọ́ tèmi, àsíá pupa, kò kà. Ìkejì, àsíá pupa, àtàǹpàkò mi bọ́ sórí amọ̀ tó wà níwájú pákó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn. Ẹni tí kò bá sí nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ á lọ sílé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rí ọ̀gá yẹn níbi tí wọ́n jókòó sí, mo rí i tí wọ́n mirí.

N ò bẹ Ọlọ́run pé kí n borí. Mo kúnlẹ̀, mo di gìgísẹ̀ òsì mú bí màmá mi ṣe máa ń dì í mú, mo ní, "Olúwa, ìbẹ̀rù yìí ni kí O bá mi gbà. Ìyókù, màá ṣe é." Mo fa àmì ibi tí mo ti ń gbéra sẹ́yìn ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Bàbá ti tẹ́ iyanrìn tán, wọ́n gbé réèkì kúrò, wọ́n dúró lápá kan, ètè wọn ń mì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ: "Allah ya sa a dace," kí Ọlọ́run jẹ́ kó bọ́ sí i.

Àsíá funfun. Mítà 6.02, ó tó láti máa bá a lọ. Ìkarùn-ún ló di 6.31.

Ọmọbìnrin tó ṣe ipò kejì náà kúnlẹ̀ kó tó fò, mo rí i. Òun náà dúpẹ́ nígbà tó fò tán. Àdúrà tèmi ò lé tirẹ̀ kúrò lọ́run. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ ló fò, bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ló fò, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo sì fi kọ́ ọ. Ta ló jí màmá mi ní gbogbo ìdájí yẹn? Ta ló ní kí arúgbó tí kì í ṣe ẹbí mi máa tú iyanrìn nínú ọyẹ́ láìgba kọ́bọ̀? N ò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ẹ jẹ́ n pe èyí tí mo mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ₦500, ₦1,000 ránṣẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ, mo kọ orúkọ yín sínú ìwé, gbogbo rẹ̀ ni màmá mi ń kà lójú àdúrà. Físíò mi, ẹ ṣeun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní n má sáré ṣáájú iṣan.

Mo fún Bàbá lówó lánàá, wọn ò gbà á. Mo ní kí wọ́n ṣáà bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní eyín réèkì àwọn ti kán mẹ́ta. Mo ti ra tuntun. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí, màmá mi ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun alásárì, àwa méjèèjì la jọ ń gbé e lọ fún wọn.