Ohun tí ẹ̀rọ awẹ́ja méjì kọ́ mi kí n tó ra ẹ̀kẹta

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú kan náà ni mo ń ju ìwọ̀ sí fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Fishfinder, ìyẹn ẹ̀rọ awẹ́ja, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń ya ẹja hàn mí, ńlá àti kékeré, wọ́n tò bẹẹrẹ ní mítà mẹ́rin sísàlẹ̀. Ẹja kan ò sì fẹnu kan ìjẹ mi. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ wà nínú ọkọ̀ dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Àbúrò, pa àwòrán ẹja yẹn ná, ká rí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja mà ni o, ẹ wò ó." Wọ́n ní kí n ṣáà pa á. Bí mo ṣe pa á, gbogbo ẹja pòórá. Igi kan tó ti rì ló kù lójú ẹ̀rọ, ẹ̀ka rẹ̀ nà sókè. Ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni ẹ̀rọ náà ń kà sí ẹja.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó kọ́ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó náwó. Ẹ̀rọ awẹ́ja ò ríran, ó ń gbọ́ràn ni. Transducer, ìyẹn nǹkan dúdú kékeré tó máa ń wà nínú omi, ló ń rán ìró lọ sísàlẹ̀. Nínú omi tí kò níyọ̀, ìró yẹn ń sáré tó nǹkan bíi 1,480 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá kan nǹkan, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi iye àkókò tó lò mọ ibi tí nǹkan náà wà. Lára ẹja, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń dá ìró padà jù. Koríko omi tó gba afẹ́fẹ́ mọ́ra náà ń dá a padà, igi náà ń dá a padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán ẹja ta ẹ̀rọ fún yín. Transducer ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Kẹ́ ẹ tó béèrè ìyẹn pàápàá, ẹ bi ara yín: báwo ni omi tí mo ń pẹja sí ṣe jìn tó? Ìró yẹn ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú àwọn transducer tó ń lo 200 kHz (ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n nígbà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nǹkan bíi dígírì 20 ni ìró wọn fẹ̀. Ẹ pín jíjìn omi sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan nínú rẹ̀ ni fífẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ ń rí nísàlẹ̀. Adágún tí mo máa ń lọ jù ò ju mítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ, torí náà ní mítà mẹ́ta, mítà kan péré ni ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ ń rí. Ọkọ̀ mi fúnra rẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹja tó sì wà nínú omi tí kò jìn kì í dúró de ọkọ̀ lórí ara rẹ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo ṣírò rẹ̀.

Èmi ò ní í ra ẹ̀rọ fún irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi tó bá lè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ọkọ̀. 455 kHz tàbí 800 kHz ni irú rẹ̀ sábà máa ń lò. Kì í lọ jìn, ṣùgbọ́n á fi ẹ̀ka igi hàn yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí omi yín bá jìn, irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CHIRP lẹ máa gbádùn, torí pé kì í rán oríṣi ìró kan ṣoṣo, ó máa ń rán ọ̀pọ̀ tẹ̀ léra, ìyẹn ló fi ń ya ẹja méjì tó sún mọ́ra sọ́tọ̀. Ẹnì kan fẹ́ ta 50 kHz fún mi nígbà kan. Òkun tó jìn gan-an nìyẹn wà fún.

Ẹ̀rọ kejì dára. Èmi ni mo de transducer rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró, gbogbo nǹkan á hàn kedere. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, ìsàlẹ̀ omi á pòórá, ìlà játijàti á gba ojú ẹ̀rọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà fún ẹni tó tà á. Lọ́jọ́ kan tá a fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo rí ìlà ìṣó tí wọ́n fi kan páànù rẹ̀, ó ń lọ tààrà sí iwájú transducer. Ìṣó wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí omi hó, ìró ò sì lè gba inú omi tó ń hó kọjá. Mo sún transducer ní ìbú ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́, jìnnà sí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ kọjá ìdí ọkọ̀, mo sì dí ihò àtijọ́ dáadáa. Ó parí.

Bátìrì ńkọ́? Bátìrì olójé 7 Ah, ìyẹn èyí tó lè gbé amp 1 fún wákàtí méje, kò lè gbé ẹ̀rọ tó ń fa iná amp 1 dé alẹ́, torí kò yẹ kẹ́ ẹ lò ó kọjá ìdajì. Ẹ wo ẹnu wáyà náà: transducer àtijọ́ lè má wọ ẹ̀rọ tuntun, kódà kí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe méjèèjì. Skíríìnì íǹṣì 7 tó mi. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún yín nínú oòrùn, kẹ́ ẹ sì wọ awò tẹ́ ẹ fi ń pẹja, nítorí awò kan wà tó máa ń sọ skíríìnì di dúdú.

GPS, ìyẹn ohun tó ń sọ ibi téèyàn wà, ò ṣeé fi sílẹ̀. Mo fi sàmì sórí igi tó rì yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n sì padà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kẹta. Igi náà hàn lápá òsì, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀, nǹkan kéékèèké méjì ń tàn, òjìji dúdú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀gbọ́n fi ìka kàn án lójú ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Ìyẹn gan-an lẹja." Mo rọra ju ìwọ̀ síbẹ̀.