Àbúrò mi rí iṣẹ́ kọ́

Àbúrò mi ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ó ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yá."

Ẹni ọdún 24 ni, ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíì. Látìgbà tó ti parí ilé ẹ̀kọ́, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ran irú wọn lọ́wọ́ tí mo bá pè ni wọ́n ti ń sọ pé ọmọdé nìkan làwọn ń gbà. Ṣé ọ́tísíìmù máa ń kúrò lára èèyàn tó bá ti dàgbà ni? Ó dùn mí gan-an.

Níbi ìkọ́ṣẹ́ tá a wá rí yìí, olùkọ́ kan ló ń dúró tì í lẹ́nu iṣẹ́. Ó ya bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ sí àwòrán 6, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Àbúrò mi á kọ́kọ́ fi ìka kan àwòrán, kó tó ṣe é. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ etí aṣọ náà títí tó fi gún régé, ó wá wojú mi: "Ó ti tán." Omi bọ́ lójú mi.

Donald Triplett, ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà sọ pé ó ní ọ́tísíìmù, báńkì ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ nílé, báwo lẹ ṣe rí ibi tí wọ́n ti ń gba àgbàlagbà?