Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí iná tíátà Chicago gbé lọ

Bí ẹ bá gbọ́ nínú ìtàn ìdílé kan pé iná tíátà pa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin ní Chicago ní 30 Oṣù Kejìlá 1903, ilé tíátà Iroquois ni. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, ilé ìwé sì ti gba ìsinmi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn bí 602 tó kú.

Ibi tí wọ́n jókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Lámpù ńlá kan ló ran aṣọ ìkélé orí ìtàgé. Aṣọ tí kì í tètè jóná, tó yẹ kó ya ìtàgé sọ́tọ̀, há sójú ọ̀nà, kò délẹ̀. Àwọn òṣèré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti sá jáde, afẹ́fẹ́ tútù rọ́ wọlé. Ojú èéfín orí òrùlé ìtàgé kò ṣí, ni ọwọ́ iná bá ya sórí èrò, àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló sì jẹ ẹ́ jù. Wọ́n ti ti géètì irin ojú àtẹ̀gùn pa kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré má bàa lọ jókòó síbi olówó ńlá. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn aṣọ, òmíràn ń ṣí sínú: bí èrò bá ti fún mọ́ ọn, kò ṣeé fà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe òde ní gbọ̀ngàn l'Òṣogbo, ẹ wo ìhà tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí kí ẹ tó sanwó.

Nínú àkọsílẹ̀ òkú, orúkọ ọkọ ni ẹni tó ti lọ sílé ọkọ ń jẹ́, nítorí náà ọmọ ìyá méjì lè jìnnà síra. Òrùka àti aṣọ ni wọ́n fi mọ òkú mìíràn. Ẹ máa retí àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “sister”, ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò obìnrin, kì í sọ èwo ni àgbà. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1900 ló máa là á, torí ó kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí oníkálukú. Ti 1910 kọ iye ọjọ́ orí nìkan.

Ní Òṣogbo, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìkànìyàn méjèèjì kà á: ọmọ mélòó ni ìyá bí, mélòó ló ṣẹ́ kù? Bí 1900 bá kọ márùn-ún àti márùn-ún, tí 1910 wá kọ márùn-ún àti mẹ́ta, ẹ wá orúkọ àwọn méjì náà nínú ìwé ìsìnkú. Ẹ má gbàgbé pé ará ilé mìíràn lè ti bá ìyá dáhùn.