Ọmọ Ogun Tirẹ̀ Náà Ni Wọ́n Fi Gbà Á

Ẹ bá mi yin Olúwa! Halelúyà!

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù, ó fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bínú, a ti san án. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi sanwó yẹn.

Ọmọ tí ẹ mọ̀ pé kò lè dá gun àtẹ̀gùn lọ́dún tó kọjá ni. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú un. Ó gba kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, a ti dúpẹ́ níhìn-ín rí, a ti se ìrẹsì. Àrùn tún padà. Àwọn dókítà ní Lọ́ndọ̀nù ní ó ku ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní CAR-T, èyí tí ìjọba ibí ti ń san owó rẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti 2018.

Mo ní kí lèyí? Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí. Ó ní gbogbo wa la ní sẹ́ẹ̀lì T apani nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọlọ́dẹ ni wọ́n ń rìn kiri, tí wọ́n ń yẹ ara sẹ́ẹ̀lì gbogbo wò. Èyí tí kòkòrò àrùn bá ti wọ̀, nǹkan àjèjì á hàn lára rẹ̀. Apani á lẹ̀ mọ́ ọn, á lu ú níhò, á da oró sínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á sì pa ara rẹ̀. Ó kan òmíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ inú ilé ni jẹjẹrẹ. Ọlọ́dẹ rí i, ó ní onílé ni, ó jẹ́ kó kọjá.

Wọ́n wá ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì T ọmọ mi jáde, wọ́n lọ kọ́ wọn ní lábù láti dá àmì kan mọ̀ lára jẹjẹrẹ náà, CD19. Báàgì kékeré kan báyìí ni wọ́n gbé padà dé. Mo ní, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí? Wọ́n fà á sí i lára.

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibà dé! Ooru ara rẹ̀ lé ní 40, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n sáré gbé e lọ sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Màmá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní kí n wádìí ẹni tó fọwọ́ kan ọmọ náà. Dókítà ní, “Mọ́ọ̀mù” (bí wọ́n ṣe ń pè wá níbẹ̀ nìyẹn), “àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń jà.” Wọ́n fún un ní tocilizumab, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú làkúrègbé. Òun náà ni wọ́n fún Emily Whitehead ní Philadelphia lọ́dún 2012, ọmọdé àkọ́kọ́ tó gba irú ìtọ́jú yìí fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ mi ní ebi ń pa òun.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n yẹ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ wò. Wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan!

Àwọn apani náà pa díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rere rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà a ṣì ń lọ gba omi ìdáàbòbò tó ń gba ara lọ́wọ́ àrùn. Nọ́ọ̀sì yẹn ló wà níjókòó ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un.