Igi ìdáná ṣì wà lẹ́yìnkùlé Màámi

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ kí Màámi n'Ísìnkàn l'Ákùrẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, mo wá rí igi ìdáná tí wọ́n tò sára ògiri, ó ga dé àyà mi. Sílíńdà gáàsì sì wà ní kíṣìnì o, sítóòfù kẹrosíìnì wà lábẹ́ tábìlì, àpò èédú náà wà ní kọ̀rọ̀.

"Màámi, ṣé gáàsì yín ti tán ni?"

"Kò tán. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ sè. Tí mo bá fi gáàsì se ẹ̀wà, kí ni màá fi se ọbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò títí mo fi délé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lo èédú ilẹ̀ títí, wọ́n bọ́ sí gáàsì àti atẹ́gùn, ní 2024 wọ́n ti ilé iṣẹ́ iná eléèédú wọn tó kẹ́yìn pa. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 1915 la ti ń wa èédú ilẹ̀ l'Énúgu, òun ni rélùwéè fi ń sáré, ìgbà tí wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956 tí ọkọ̀ ojú irin sì bọ́ sí dísù, a pa èédú ilẹ̀ tì, òun nìkan la sì fi sílẹ̀ lóòótọ́ nínú gbogbo wọn. Iná tí omi ń gbé jáde ní Kainji dé ní 1968, èyí tí gáàsì ń gbé jáde ní Egbin dé ní 1985, gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná NEPA báyìí, kódà Omotosho tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, gáàsì ló ń jó. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ka gbogbo ohun tá a ń dá kálẹ̀ Nàìjíríà, igi àti èédú ìdáná ló ṣì ṣáájú, torí oúnjẹ.

Ti kẹrosíìnì ló dùn mí jù. Òun ló yọ ọ̀pọ̀ ìyá wa nínú èéfín, a máa ń tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì láti àárọ̀ kùtù. Nígbà tó wọ́n, olówó bọ́ sí gáàsì, àwọn tí ò lówó padà sídìí igi. Ní May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù, lítà kan tí ò tó 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré àwọn aládùúgbò wa dákẹ́, sólà sì ń yọ lórí òrùlé n'Íjàpọ̀.

Ikọ́ tí èéfín igi ń fún Màámi náà ń dùn mí o. Mo gbé sílíńdà wọn lọ rọ gáàsì sí i, nígbà tí mo fi padà dé, ẹ̀wà ti ń hó lórí igi.